Ta Ni Yóò Ru Ẹ̀ṣẹ̀ Àga Tó Ṣófo?

Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹwàá ọdún 2023, Adájọ́ Musa Dattijo Muhammad pé ẹni 70 ọdún. Òfin Nàìjíríà kò gba adájọ́ ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ láyè láti kọjá ọjọ́ orí yẹn lórí àga, ó sì dìde. Níbi ètò ìdágbére tí wọ́n ṣe fún un ní Àbújá, kò fi ọ̀rọ̀ bọ epo bọ iyọ̀. Ó ní àwọn tó kù sẹ́yìn ti kéré jù. Mẹ́wàá péré ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ sì ni àga 21 ni ìwé òfin fàyè sílẹ̀ fún. Gbogbo agbègbè Ìlà-Oòrùn Gúúsù kò ní ẹyọ ẹnì kan níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó wà ní Ọlọ́runṣògo, ní ẹ̀bá Ìbàdàn, lè béèrè pé kí ló kan òun nínú ọ̀rọ̀ àga Àbújá. Ó kàn án gan-an. Ní àwọn abà àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká, láti Ọ̀nà-Àrà dé Ẹgbẹ́dá, dé Lágelú àti Akínyẹlé, ilẹ̀ ti kúrò ní ohun tí wọ́n fi ń dá oko nìkan. Ọ̀nà tí ìjọba Ọ̀yọ́ ń là yí Ìbàdàn po, tó gùn tó kìlómítà 110, tí wọ́n sì fi orúkọ Rashidi Ladọja pè, ti ń sọ oko kòkó àti oko ẹ̀gẹ́ di ilẹ̀ olówó ńlá. Ibi tí owó bá sì dé ni ìjà ń dé. Wọ́n á ta ilẹ̀ kan náà fún ẹni mẹ́ta. Ajagungbalẹ̀ á kó tìpàǹpá dé pẹ̀lú àdá. Ọmọ ìyá á máa bá ọmọ ìyá fa ààlà tí bàbá wọn fi igi pèrègún sàmì sí. Ẹni tí kò fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ jà á gba kóòtù lọ. Ẹjọ́ lè bẹ̀rẹ̀ ní kóòtù ìbílẹ̀ tàbí ní ilé-ẹjọ́ gíga ní Ring Road. Ẹni tó bá fìdí rẹmi níbẹ̀ á gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Láti ibẹ̀, Àbújá ló kù. Bí àga Àbújá bá ṣófo, a jẹ́ pé ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé kan ní Ọlọ́runṣògo kò tíì ní olóhun.

Ọ̀rọ̀ ìjọba ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ka èyí sí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ wà nídìí rẹ̀, ó sì yẹ kí àwọn tó ń wàásù yẹ̀ ẹ́ wò. Gbogbo ẹ̀sìn tí Yorùbá ń ṣe ló ní ohun tó ń bá adájọ́ burúkú sọ. Àwọn bàbá wa ní agbẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Àáfáà á rántí hádíìsì tó pín àwọn adájọ́ sí mẹ́ta, tí méjì nínú wọn ń lọ sínú iná, tí ọ̀kan ṣoṣo sì ń wọ àlùjánnà. Pásítọ̀ á mẹ́nu ba àwọn ọmọ Sámúẹ́lì, tí wọ́n gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ títí àwọn àgbààgbà Ísírẹ́lì fi ní ọba làwọn ń fẹ́. Adájọ́ tó jókòó, tó sì ṣìkà, ni gbogbo ìwàásù yìí dojú kọ. Ta ni ń wàásù nípa àga tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé? Kò sí ẹni tó gba owó níbẹ̀. Kò sí ẹni tó yí ẹjọ́ po. Síbẹ̀ ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ rẹ̀ kò rí ilẹ̀ rẹ̀ gbà padà. Ǹjẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú ìyẹn? Bó bá wà, ọrùn ta ló wà?

Òwe kan wà tí Jésù pa, tó wà nínú ìwé Lúùkù orí 18. Opó kan wà nínú ìlú kan, ẹnì kan sì ń rẹ́ ẹ jẹ. Adájọ́ ìlú náà kò bẹ̀rù Ọlọ́run, kò sì ka ènìyàn sí. Opó yìí kò yéé lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, títí ó fi sú u, tó sì dá ẹjọ́ rẹ̀ fún un kó má baà máa yọ òun lẹ́nu mọ́. Ọ̀rọ̀ àdúrà àìdákẹ́ ni àwọn oníwàásù máa ń fà yọ nínú rẹ̀, bí Lúùkù fúnra rẹ̀ ti wí. Àmọ́ nǹkan mìíràn wà níbẹ̀ tó yẹ kí àwọn tó ń gbé láàárín ẹjọ́ ilẹ̀ rí. Adájọ́ yẹn burú, ó burú débi pé kò fi ìwà rẹ̀ bò. Síbẹ̀ opó náà jàre, nítorí pé ẹnì kan wà lórí àga. Ilẹ̀kùn wà tó lè kàn. Etí wà tó lè fi ẹkún rẹ̀ dí. Ká ní ó débẹ̀ tó bá àga lásán, ìfaradà rẹ̀ ìbá já sí asán, ọ̀tá rẹ̀ ìbá sì jẹ ohun ìní rẹ̀ títí dọjọ́ ikú rẹ̀.

Ohun tí àga òfìfo ń ṣe nìyẹn. Kì í ṣe pé ó dákẹ́ lásán. Ó ń dájọ́, ẹni tí nǹkan wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló sì máa ń dá a láre. Bí ẹjọ́ kò bá kúrò lójú kan, ẹni tó ti gbin nǹkan sórí ilẹ̀ onílẹ̀ ló ń kórè rẹ̀.

Ó yẹ kí ènìyàn fara balẹ̀ ka iye àwọn tó kúrò ní ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ, nítorí pé inú iye náà ni ẹ̀bi ti fara hàn. Ní ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ọdún 2020, wọ́n búra fún adájọ́ tuntun 8, gbogbo wọn sì di 20. Láàárín ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, mẹ́wàá lọ, kò sì sí ẹyọ kan tí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò. Ikú mú mẹ́ta: Sylvester Ngwuta àti Samuel Oseji ní 2021, Chima Centus Nweze ní 2023. Tanko Muhammad, tó jẹ́ Adájọ́ Àgbà Orílẹ̀-èdè, fipò sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2022. Ó ku mẹ́fà: Bọ́dé Rhodes-Vivour, Mary Peter-Odili, Ejembi Eko, Abdu Aboki, Amina Augie, àti Dattijo fúnra rẹ̀. Àwọn mẹ́fà yìí pé 70 ọdún ni. Ikú a máa dé lójijì, kò sẹ́ni tó lè bá ènìyàn wí lórí ìyẹn. Ọjọ́ ìbí kì í dé lójijì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí iṣẹ́ ni ọjọ́ tí yóò kúrò ti wà lákọsílẹ̀, àwọn tó ń yan adájọ́ sì mọ̀ ọ́n.

Òfin ní adájọ́ márùn-ún, ó kéré tán, ni yóò jókòó gbọ́ ẹjọ́ kan ní ilé-ẹjọ́ yìí, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ méje bí ọ̀rọ̀ bá jẹ mọ́ ìtumọ̀ ìwé òfin orílẹ̀-èdè. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́wàá, ìjókòó méjì ni wọ́n lè ṣe lójúmọ́. Lọ́jọ́ tí méje bá jókòó, mẹ́ta tó kù kò lè gbọ́ ẹjọ́ kankan. Ọdún 2023 yẹn kan náà sì ni ọdún ìbò, tí ẹjọ́ ààrẹ àti ti gómìnà ń dà wọlé, tí òfin sì ní wọ́n gbọ́dọ̀ parí wọn láàárín ọjọ́ 60. Ẹjọ́ ìbò wọlé lọ, ẹjọ́ ilẹ̀ dúró síta.

Nínú ìwé Ẹ́kísódù orí 18, Jẹ́tírò wá kí àna rẹ̀, Mósè, nínú aginjù. Ó bá a níbi tó jókòó sí láti àárọ̀ títí di alẹ́, tí èrò rọ̀gbà yí i ká, tí oníkálukú ń dúró de ìgbà tí ẹjọ́ tirẹ̀ yóò kàn. Jẹ́tírò kò sọ pé Mósè dájọ́ èké. Kò sọ pé ó gba rìbá. Ohun tó rí ni pé adájọ́ kò tó, ó sì pe ìyẹn ní ohun tí kò dára, tí yóò tán Mósè lókun, tí yóò sì tán àwọn ènìyàn náà lókun pẹ̀lú. Ó ní kó wá àwọn tó bẹ̀rù Ọlọ́run, tó kórìíra èrè àìtọ́, kó fi wọ́n ṣe olórí ẹgbẹ̀rún, olórí ọgọ́rùn-ún, olórí àádọ́ta àti olórí mẹ́wàá mẹ́wàá. Àlùfáà Mídíánì ni Jẹ́tírò, kì í ṣe ọmọ Ísírẹ́lì, òun ló sì kọ́kọ́ rí i pé ìyà ni kéèyàn máa dúró de ìdájọ́ tí kò dé. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tún máa dún ní gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń gbàdúrà fún ẹni tó ní ẹjọ́ ní kóòtù.

Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn Ìsìláàmù tilẹ̀ sọ ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀ranyàn tí wọ́n ní ó wà lọ́rùn gbogbo àwùjọ pa pọ̀ wà, bíi kíkí ìrun sí òkú lára. Bí àwọn kan bá ti ṣe é, ó bọ́ lọ́rùn àwọn yòókù. Bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣe é, gbogbo ìlú ló ru ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Abẹ́ ọ̀ranyàn yìí ni wọ́n fi wíwà adájọ́ sí. Wọ́n tún fi kún un pé bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló kún ojú òṣùwọ̀n nínú ìlú, ọ̀ranyàn náà bọ́ sí òun nìkan lọ́rùn, kò sì gbọ́dọ̀ kọ̀ ọ́. Ìdáhùn sí ìbéèrè wa nìyẹn, ìdáhùn tó le sì ni. Ẹ̀ṣẹ̀ àga tó ṣófo kò dúró sọ́dọ̀ ààrẹ tàbí àwọn sẹ́nétọ̀ nìkan. Ó kan ẹni tó mọ̀ pé ó ṣófo, tí kò sì béèrè.

Àwọn kan yóò ní kàkà kí ènìyàn burúkú jókòó, kí àga náà kúkú ṣófo. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ìmáámù Abu Hanifa kọ ipò adájọ́ tí Kálífà al-Mansur fi lọ̀ ọ́, wọ́n sì tì í mọ́lé nítorí rẹ̀. Baghdad ló kú sí ní ọdún 767. Ó bẹ̀rù Ọlọ́run, ó sì mọ irú ọba tí òun yóò máa dájọ́ lábẹ́ rẹ̀. Àmọ́ Abu Yusuf, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ gan-an, gbà á lẹ́yìn náà, ó sì di olórí àwọn adájọ́ nígbà Kálífà Harun al-Rashid. Ìlú kò lè wà láìní ẹni tí yóò jókòó.

Ìbàdàn náà mọ bí ẹni tó wà lórí àga ti ṣe pàtàkì tó. Ní 1965, nígbà wàhálà ìbò ní Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n gbé Wọlé Ṣóyínká lọ sí kóòtù ní Ìbàdàn, wọ́n ní òun ló gbé ìbọn wọ ilé-iṣẹ́ rédíò, tó sì mú kí wọ́n gbé téèpù mìíràn sáfẹ́fẹ́ dípò ọ̀rọ̀ Akíntọ́lá, olórí ìjọba ẹkùn náà. Ìjọba ń fẹ́ kí wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n. Adájọ́ Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ wo ẹ̀rí tó wà níwájú rẹ̀, ó sì dá a sílẹ̀. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò wọ́pọ̀, ó sì tọ́ kí wọ́n fara balẹ̀ wá a. Ṣùgbọ́n ìfarabalẹ̀ àti ìpatì kì í ṣe ohun kan náà. Bí adájọ́ bá ṣi ẹjọ́ dá, kò-tẹ́-mi-lọ́rùn wà. Bó bá gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, wọ́n lè kọ̀wé ẹ̀sùn sí NJC, ìgbìmọ̀ tó ń dábàá àwọn adájọ́ tó sì ń bá wọn wí, wọ́n sì ti yọ àwọn adájọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ta ni ènìyàn yóò fẹjọ́ àga òfìfo sùn?

Nígbà mìíràn, wọn a mọ̀ọ́mọ̀ fi àga sílẹ̀ lófìfo. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ Cross River kọ̀ láti fọwọ́ sí Adájọ́ Akon Ikpeme gẹ́gẹ́ bí Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ipò rẹ̀ ga jù, tí NJC sì ti dábàá rẹ̀. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé Akwa Ibom ni orírun rẹ̀, pé ọkọ rẹ̀ nìkan ló jẹ́ ọmọ Cross River. Wọ́n ń fi adelé rọ́pò adelé títí di oṣù kejì ọdún 2021, kí wọ́n tó padà wá búra fún obìnrin kan náà. Ní Rivers, láti 2013 títí di 2015, gómìnà àti NJC kò lè fẹnu kò lórí ẹni tí yóò jẹ́ Adájọ́ Àgbà. Àwọn kóòtù wà ní títì fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn tí wọ́n ń dúró de ẹjọ́ nínú ẹ̀wọ̀n ní Port Harcourt, tí ẹ̀sùn kankan kò tíì lẹ̀ mọ́ wọn lára, ni wọ́n san gbèsè ìjà àwọn alágbára.

Amẹ́ríkà náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Níbẹ̀, adájọ́ ìjọba àpapọ̀ lè jókòó títí dọjọ́ ikú rẹ̀, nítorí náà wọn kò mọ ọjọ́ tí àga yóò ṣófo. Síbẹ̀ àjọ tó ń bójú tó àwọn kóòtù wọn a máa tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé: àga wo ló ṣófo, ta ló kúrò níbẹ̀, láti ọjọ́ wo, ǹjẹ́ ààrẹ ti yan ẹlòmíràn, àga wo ni yóò tún ṣófo láìpẹ́. Èyí tó bá ti ṣófo pẹ́, tí ẹjọ́ sì pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Ìmọ́lẹ̀ yẹn dára. Kò ní kí àwọn olóṣèlú wọn má ṣe ohun tí wọ́n bá fẹ́ ṣe. Antonin Scalia, adájọ́ ilé-ẹjọ́ wọn tó ga jùlọ, kú ní oṣù kejì ọdún 2016. Ààrẹ Obama yan Merrick Garland láti rọ́pò rẹ̀ ní oṣù kẹta. Àwọn sẹ́nétọ̀ ní àwọn kò tilẹ̀ ní gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àga náà ṣófo ju ọdún kan lọ. Ní ọdún 2020, nígbà tí adájọ́ mìíràn níbẹ̀, Ruth Bader Ginsburg, kú, ọjọ́ 38 ni wọ́n fi fọwọ́ sí Amy Coney Barrett láti rọ́pò rẹ̀. Láàárín ìgbà tí àga Scalia fi ṣófo, ẹjọ́ kan dé iwájú àwọn mẹ́jọ tó kù, lórí bóyá ìjọba lè jẹ́ kí àwọn òbí tí kò ní ìwé ìgbélùú ṣùgbọ́n tí wọ́n bí ọmọ sí Amẹ́ríkà dúró síbẹ̀. Mẹ́rin ní bẹ́ẹ̀ ni, mẹ́rin ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìdájọ́ kóòtù ìsàlẹ̀, tó ti dí ọ̀nà mọ́ wọn, ló sì dúró. Ọ̀kẹ́ àìmọye ìdílé ni àga tí ẹnikẹ́ni kò jókòó lé dá ẹjọ́ wọn.

Ìbàdàn ní ọgbọ́n kan lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìlà méjì ni oyè ibẹ̀, ti Ọ̀tún àti ti Balógun. Bí ẹnì kan bá kú lókè, àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ á sún sókè ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ìlà méjèèjì á sì máa gba orí oyè lọ́wọ́ ara wọn. Láàárín ọdún 2022 sí 2025, Ọba Lékan Balógun gorí oyè, ó wàjà. Ọba Ọwọ́labí Ọlákùlẹ́hìn gorí oyè, ó wàjà. Ọba Rashidi Ladọja sì gun orí oyè ní oṣù kẹsàn-án 2025. Èdè-àìyedè a máa wà, wọ́n a máa lọ sí kóòtù, ṣùgbọ́n kò sí àgbàlagbà kan ní Ọlọ́runṣògo tí kò lè sọ ẹni tí oyè kàn. Àgbẹ̀ tó ti oko dé, tí ẹrẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, lè ka àwọn ìjòyè náà ní ẹsẹẹsẹ. Ìlú tó lè ṣọ́ oyè báyìí lè ṣọ́ àga ìdájọ́. Ohun tó fà á tí wọn kì í fi í ṣọ́ ọ ni pé ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn pé tiwọn ni.

Ẹjọ́ ilẹ̀ kan wà láti Èkó, Ariori àti Elemo, tí gbogbo lọ́yà mọ̀. Ọdún 1960 ni wọ́n pè é, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira. Ọdún 1975 ni adájọ́ tó dá ìdájọ́, lẹ́yìn tó ti pẹ́ gan-an tí àwọn lọ́yà ti parí ọ̀rọ̀. Ní 1983, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ, tí Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́ wà lára àwọn tó jókòó, ní ìdádúró náà ti ba ìdájọ́ jẹ́, kí wọ́n lọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún, kí wọ́n lọ bẹ̀rẹ̀. Lónìí, ìwé òfin fún adájọ́ ní ọjọ́ 90 láti sọ ìdájọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìkẹyìn àwọn lọ́yà. Ó fún ìgbìmọ̀ ẹjọ́ ìbò ní ọjọ́ 180. Ó ní adelé Adájọ́ Àgbà Orílẹ̀-èdè kò gbọ́dọ̀ kọjá oṣù mẹ́ta àyàfi bí NJC bá dábàá rẹ̀. Fún àwọn tó yẹ kó fi ènìyàn sórí àga tó ṣófo, kò dá ọjọ́ kankan. Àlàfo tó yẹ kí wọ́n dí nínú òfin nìyẹn, bí wọ́n bá tún fẹ́ ṣàtúnṣe rẹ̀.

Pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n tètè fi ènìyàn sórí àga tó ṣófo ti hàn. Ní ọjọ́ 6 oṣù kejìlá ọdún 2023, NJC dábàá orúkọ 11. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, ilé aṣòfin àgbà fọwọ́ sí wọn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 2024, Olúkáyọ̀dé Ariwoola, ọmọ Ìsẹ́yìn, tó jẹ́ Adájọ́ Àgbà Orílẹ̀-èdè nígbà náà, búra fún wọn, Habeeb Abiru láti Èkó sì wà lára wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àga 21 kún láti ìgbà tí ilé-ẹjọ́ náà ti wà. Kò pé oṣù mẹ́fà tí Ariwoola fúnra rẹ̀ pé 70, tó sì kúrò ní ọjọ́ 22 oṣù kẹjọ.

Kudirat Kékeré-Ẹkùn, tó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, yóò pé 70 ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún 2028. Àwọn adájọ́ mìíràn ní ilé-ẹjọ́ náà yóò ti lọ kó tó dìgbà náà, ọjọ́ wọn sì wà nínú ìwé. Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, abẹ́ sẹ́nétọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wọn wà, ti Àárín Gbùngbùn Ọ̀yọ́, ọ̀kan nínú 109 tó ń fọwọ́ sí orúkọ àwọn adájọ́. Ẹni tí yóò wà níbẹ̀ ní 2028 ni àwọn ará abà wọ̀nyí yóò dìbò yàn ní 2027. Bó bá dé Ọlọ́runṣògo wá tọrọ ìbò, ẹ̀yin àáfáà àti ẹ̀yin pásítọ̀ ibẹ̀, ẹ bi í léèrè àga mélòó ló ṣófo, láti ìgbà wo, àti ohun tó fẹ́ ṣe sí i.